Ìkíni Tí Ó Dínà Lórí Òkun

Ilé wa,
Olówógbowó, Èkó.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ.

Ọlátúndé, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Olódùmarè tí ó dá ẹ̀mí mi sí, tí ó sì fún mi ní agbára láti tún jókòó sídìí tábìlì mi, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ̀wé sí ọ lórí tákàdá gidi. Báwo ni ara rẹ? Báwo ni ti Jíbrílù, ẹnìkejì rẹ nínú ọkọ̀ ìgbòkun yín? Ṣé òkun kò bá yín jà ju bí ó ti yẹ lọ? Ṣé ẹ ń rí omi tí ó mọ́ mu, tí ẹ sì ń rí oúnjẹ gbígbóná jẹ? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ ní ìlera, kí ẹsẹ̀ rẹ sì ti tẹ ilẹ̀ ní èbúté Tẹmà ní Gánà nígbà tí o bá ń kà á. Ilé dára. Olúbùnmi aya rẹ wà ní àlàáfíà. Àwọn ọmọ rẹ wà ní àlàáfíà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ti kí ọ báyìí bí ó ti wù mí, nítorí kò sí ẹ̀rọ kankan nínú àpò ìwé yìí tí yóò sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù.

Inú ń bí mi, Ọlátúndé, n kò ní fi pamọ́ fún ọ. Mo ti gbàdúrà sí i, mo sì ti ka Sáàmù sí i. Ìbínú náà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni mo ń bínú sí. Mo ń bínú sí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ń bínú sí ẹ̀rọ kékeré tí o gbé sórí ọkọ̀ rẹ, mo sì ń bínú díẹ̀ sí ara mi. O kò mọ ohun tí ojú wa rí nílé nígbà tí ìwọ wà lójú agbami. Nítorí náà, jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìwọ náà yóò rántí pé nígbà tí ẹ fẹ́ ṣí kúrò ní Fíríìtáùn, o pè mí lórí fóònù. O ní bí ẹ bá ti jìnnà sí èbúté, fóònù kò wúlò mọ́, pé ẹ̀rọ kan ni ẹ ó fi máa bá sátẹ́láìtì ojú ọ̀run sọ̀rọ̀. O ní ẹ̀rọ náà lè gba ímeèlì, ṣùgbọ́n ó ń fà á wọlé díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń fa okùn gba ojú abẹ́rẹ́, ìkan lẹ́yìn ìkan, èyí tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. O ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé, kí ẹ kọ ọ́ ní ṣókí.” Mo dáhùn pé mo gbọ́, mo sì gbọ́ lóòótọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì tí èmi lọ, ojú ìwé méjì ni à ń pè ní ṣókí, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni ni à ń kọ ọ́ sí. Má rẹ́rìn-ín. O tún sọ pé kí oṣù oyún Olúbùnmi tó pé, ẹ ó ti dé. “Atẹ́gùn yóò gbé wa délé, Bàbá.” Atẹ́gùn kò gbé yín. Ọmọ náà kò sì dúró dè yín.

Ọjọ́ Sátidé ni aya rẹ bímọ, òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọmọbìnrin, wẹ́rẹ́ bí ewé ti ń bọ́ lára igi. Iwájú orí rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ tí ó ti sùn nínú Olúwa. Ayọ̀ náà pọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè jókòó. Mo mú ọ̀pá mi, ó di Ẹnu Ọ̀wá, ní ṣọ́ọ̀bù Afusat. Bóyá o kò mọ̀ ọ́n: òun ni ìyàwó Kàmọ́rù tí ń ná ọjà Gánà, ó ní kọ̀ǹpútà méjì, ó ń tẹ ìwé fún ènìyàn, ó sì ń bá àwọn àgbàlagbà bí èmi fi ímeèlì ránṣẹ́. Ilé wa kò ṣe é lò fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú fèrèsé orí àtẹ̀gùn nìkan ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń dé, bí ènìyàn bá sì yí ọrùn, ó ti sá lọ.

Mo kọ ọ́ bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Mo kí ọ. Mo fi ẹsẹ Sáàmù kan lé ìkíni náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ tí wọ́n dúró tì wá, lẹ́yìn náà ni mo ròyìn ọmọ. Ní ìpínrọ̀ tí ó kẹ́yìn, mo bẹ̀ ọ́ pé kí o fi orúkọ tí o fẹ́ ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ kẹjọ, nítorí orúkọ bàbá ni a máa ń kọ́kọ́ pè. Afusat ti tẹ̀lé mi wálé, ó fi fóònù rẹ̀ ńlá ya ọmọ náà ní ìdùbúlẹ̀, ní àgbékọ́rùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A kó gbogbo fọ́tò náà sí i. Mo tún fi ìwé ètò ìsìn tí Pásítọ̀ tẹ̀ kún un, kí o lè máa bá wa kọrin lójú omi. Afusat tẹ bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà ní ó ti lọ. A ní, ògo ni fún Ọlọ́run.

Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni ń ti ọ̀dọ̀ rẹ wá sórí fóònù Olúbùnmi: “A wà ní àlàáfíà. Ìrìn ń lọ.” Kò fi ìkan kún un, kò yọ ìkan kúrò, bí ìdáhùn inú katikísìmù. Mo rò pé ímeèlì mi ti sọnù ni, mo sì padà lọ fi òmíràn ránṣẹ́. Mo tún kí ọ látòkè délẹ̀, nítorí ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ láti àná, a kì í kí i bí a ti kí i lánàá. Nígbà tí ìyẹn náà kò mú èsì wá, mo fi òmíràn ránṣẹ́, pẹ̀lú fọ́tò tuntun, nítorí ojú ọmọ náà ti là sí i.

Àwa tí a wà lórí ilẹ̀ pàápàá, ojú wa rí màbo. N ó ti Olówógbowó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ gba Ìdúmọ̀tà kọjá, àwọn alárù á máa ké lẹ́yìn mi pé, “Bàbá, ẹ yà fún ẹrù o!” Bí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, iná ti lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá mú iná wá, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti lọ. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá sì padà, kọ̀ǹpútà á ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tún ara òun ṣe ná. Afusat á ní, “Bàbá Tíṣà, ẹ fara balẹ̀, ó ń yí.” Mo bi í pé kí ni ó ń yí. Ó ní, “Róbótó yẹn, Bàbá. Bó bá ṣì ń yí, kò tíì kú.” Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ní ìwé, n kò rí ọmọ tí ó dán sùúrù mi wò tó róbótó yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ká mi lára jù lọ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wà nínú ilé. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ dé, Olúbùnmi rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá o kò tíì rí ímeèlì Bàbá. Nígbà tí ó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá rẹ̀ tí ó ti Iléṣà wá tọ́jú rẹ̀ gba fóònù náà, ó kà á sókè, ó ní, “Ìrìn ń lọ! Ìrìn ibo? Ó bímọ tán, ìrìn ń lọ! Bí atẹ́gùn kò bá gbé ọkọ̀, ṣé atẹ́gùn náà ló ń gbé ẹnu ni?” Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ojú omi kì í ṣe ojú títì. Wọ́n wò mí. O mọ bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń wo ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ti dájọ́ tán nínú ara wọn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Olúbùnmi jókòó tì mí. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Bàbá, ó ti gbọ́. Ó ti gbọ́ pé obìnrin ni.” Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, “Nígbà tí mo bí ìkínní lóbìnrin, ó jó. Nígbà tí mo bí ìkejì lóbìnrin, ó rẹ́rìn-ín. Ìkẹta rèé, ìrìn ń lọ.” Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ń ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ní ìrọ̀lẹ́, ó sì ti ń ṣe èmi alára bákan.

Ó wá sọ fún mi pé bí ọjọ́ kẹjọ bá pé tí bàbá ọmọ kò rí ọ̀rọ̀ sọ, òun kò ní gbé ọmọ náà jáde fún ẹnikẹ́ni lábẹ́ òrùlé yìí. Ó ní, “Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò kí káàbọ̀, orí kí ni a ó gbé orúkọ lé?” Ó ní ìyá òun yóò mú òun àti àwọn ọmọ lọ sí Iléṣà. Mo rò pé ìbínú ni, àfi ìgbà tí mo kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀, tí mo rí i tí ó ń ká aṣọ àwọn ọmọ sínú báàgì, tí ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tí inú ń bí kì í fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti pinnu ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí Afusat tó ti mọ́ṣáláṣí dé. Mo ti pinnu láti kọ ímeèlì tí ó le, tí ó gùn, tí yóò bá ọ wí bí bàbá ti ń bá ọmọ wí. Bí Afusat ti ṣí àpótí ímeèlì mi, ìwé kan tún wà níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí n kò mọ̀. Mo ní kí ó pa á rẹ́. Mo ní irú wọn ti ń wá lójoojúmọ́, mo sì ti ń pa wọ́n rẹ́ láìkà wọ́n, nítorí àwọn gbájúẹ̀ ni. Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Bàbá, wọ́n kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣí ìwé àjèjì, Afusat fúnra rẹ̀ sì ti kọ́ mi ní bí a ti ń pa á rẹ́. Ó ti na ọwọ́ sí i kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sórí orúkọ ọkọ̀ rẹ nínú ìwé náà. Ó kà á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Yéè! Bàbá, gbájúẹ̀ kọ́ o. Ọ̀dọ̀ àwọn oní-sátẹ́láìtì ni.”

Ohun tí wọ́n ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni pé ímeèlì wa tóbi jù. Ẹ̀rọ yín á fà á dé ìdajì, sátẹ́láìtì á lọ, okùn á já, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni. Èyí tí mo fi tẹ̀lé e tò sẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí mo fi tẹ̀lé ìyẹn náà tò sẹ́yìn. Bí ọmọlanke tí táyà rẹ̀ bẹ́ láàárín ọ̀nà tóóró ní Ìdúmọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ni ìkíni mi jókòó sójú ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá. O kò gbọ́ pé obìnrin ni. O kò gbọ́ pé ọmọ dé rárá. Afusat ní, “Háà, èmi náà ni mo ya fọ́tò yẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀ o.” Mo ní kí ó má wulẹ̀ pín in, ẹrù náà kárí wa.

Ìwé náà sọ pé ọ̀nà kan ṣì kù: a lè fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà ọgọ́jọ lọ, àlàfo ti wà nínú rẹ̀. Mo ní ó dára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí pè é, Afusat ń tẹ̀ ẹ́: “Ọlátúndé, ọmọ mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí ọ tayọ̀tayọ̀. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bá ọ ní ìlera, ìwọ àti Jíbrílù, bí ó ti fi àwa náà sílẹ̀...” Afusat ní, “Bàbá, ó ti tán.” Mo ní kí ni ó tán. Ó ní, “Àyè.” Mo ní, “Mo ṣì ń kí i ni!” Ó ní, “Mo mọ̀, sà. Ìkíni ló jẹ ẹ́ tán.” Mo yọ Jíbrílù kúrò. Mo yọ ìlera kúrò. Nígbà tí ó kan orúkọ Olúwa, mo ní n kò yọ ìyẹn láyé. Afusat gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, “Bàbá Tíṣà, Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn Òun. Ọkọ Olúbùnmi ni kò mọ̀ pé òun ti bímọ.”

Èyí tí a fi ránṣẹ́ nìyí: “Olúbùnmi bí obìnrin. Àwọn méjèèjì yè. Ó rò pé inú rẹ kò dùn. Ọ̀la ni ìsọmọlórúkọ. Fi orúkọ ránṣẹ́. Bàbá.” Ojú tì mí. N kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí mò ń bá ṣe ẹjọ́ pàápàá rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Olúbùnmi nígbà tí mo délé. Ó fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá,” ṣùgbọ́n mo rí i pé ó rò pé mo ń bo àṣírí ọmọ mi ni. Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún. “A wà ní àlàáfíà. Ìrìn ń lọ.” Díẹ̀ ló kù kí n ju fóònù náà sínú ọ̀sà.

Ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́. Ará ilé àti ará ìjọ pé. Oyin, iyọ̀ àti omi wà lórí tábìlì. Pásítọ̀ ń wo aago. Àwọn aládùúgbò wa láti Ẹnu Ọ̀wá jókòó sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì ń yọ mí lẹ́nu pé bí ó bá jẹ́ pé súná tàwọn Mùsùlùmí ni, Alfa ì bá ti sọ ọ́ tán, kí gbogbo ènìyàn máa jẹun. Ilẹ̀kùn Olúbùnmi wà ní títì, báàgì mẹ́ta sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ ti wé gèlè ìrìn-àjò. Mo dìde láti bẹ̀rẹ̀ orin kí ìdààmú wa má baà hàn. Nígbà náà ni Afusat sáré wọlé láti ìta, ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ sí èjìká, fóònù rẹ̀ wà lókè: “Bàbá! Ó ti fèsì! Ó ti fèsì!”

Mo wọ awò ojú mi. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ nìyí, bóyá o kò rántí ohun tí o kọ: “Olúbùnmi o kú ewu o. O kú ewu ọmọ. O kú ewu, o kú ewu. Ọmọ mi káàbọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ṣé ò ń jẹun? Ṣé ò ń sùn? Olúbùnmi mi o kú ewu, o kú ewu, o k”. Ibẹ̀ ni ó já sí. Pásítọ̀ ní, “Orúkọ ńkọ́?” Mo yí fóònù náà síwá, mo yí i sẹ́yìn. Kò sí orúkọ. Ohun kan ṣoṣo ni a béèrè lọ́wọ́ rẹ, Ọlátúndé! Mo yọ orúkọ Olúwa kúrò kí àyè lè gbà ọ́, ìwọ wá fi gbogbo àyè náà kí ènìyàn!

Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn aya rẹ, mo kà á láti ìta. Mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: “Ẹ tún un kà, Bàbá.” Mo tún un kà. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Olúbùnmi dúró níbẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó béèrè bóyá mò ń sùn.” Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé orúkọ kò sí níbẹ̀, pé bóyá kí a dúró díẹ̀ sí i. Ó ní, “Kí la tún ń dúró dè? Ẹ sọ ọ́ ní èyí tó bá wù yín, Bàbá. Ó ti kí mi.” Ó sì gbé ọmọ náà jáde fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, ó ń tú gèlè ìrìn-àjò náà, ó ní, “Ọkọ ọmọ mi kò gbọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn kí.”

Mo sọ ọmọ náà ní Moyọ̀sọ́rẹ, mo pè é sókè kí àwọn tí ó wà níta lè gbọ́ pé ọrẹ ni, a sì yọ̀ sí i. Pásítọ̀ fi àyè orúkọ tìrẹ sílẹ̀. Lánàá ni ọ̀rọ̀ rẹ kejì dé. O ṣàlàyé pé bọ́tìnnì kan ni ẹ ń tẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. O ṣàlàyé pé ìròyìn ojú ọjọ́ pàápàá há sẹ́yìn ìkíni mi, tí ìjì fi bá yín láìròtẹ́lẹ̀, pé ẹ ó yà sí Tẹmà tún ìgbòkun tí ó ya ṣe. Nígbà tí mo kà á, mo dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí ìkíni mi pa ọ́. Orúkọ ńkọ́? O tún gbàgbé rẹ̀. Wàyí o, má fi í rán ẹ̀rọ kankan mọ́. Gbé e bọ̀ wálé lẹ́nu ara rẹ, kí o pè é sí ọmọ rẹ létí ní ọjọ́ ìrìbọmi.

Kí Olúwa tí ó fi ọ̀nà sínú òkun mú ọkọ̀ rẹ dé èbúté. Kí Ó fún ọ ní atẹ́gùn tí ó tọ́, kì í ṣe èyí tí ó pọ̀ jù. Kí Ó pa Jíbrílù mọ́ fún ìyá rẹ̀, kí Ó sì jẹ́ kí n fi ojú mi rí ọ kí oṣù yìí tó wọ̀ọ̀kùn.

Èmi ni bàbá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ, tí inú rẹ̀ sì ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀,

Jóṣúà Adéṣígbìn.

Àfikún: Kàmọ́rù, ọkọ Afusat, ni yóò fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́ ní Tẹmà, ó ń lọ kó aṣọ ní Gánà. Kí o kí i dáadáa, kí o má kánjú. Olúbùnmi ní kí n sọ fún ọ pé òun ń jẹun, òun kò sì sùn púpọ̀, nítorí ohùn ọmọ rẹ kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa á. Kí Ọlọ́run bùkún ilé rẹ, Ọlátúndé: aya rẹ, àwọn ọmọbìnrin rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti gbogbo ẹni tí yóò máa ti ẹnu ọ̀nà rẹ wọlé, kí wọn má ṣe pàdánù ẹni tí yóò kí wọn káàbọ̀. Àmín.